Ọ̀pá Jíà Tí N Kò Mì Wò

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni mo fi iṣẹ́ mẹkáníìkì ṣe láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi kò tíì hù títí di ìgbà tó funfun, n kò ní purọ́ fún un: ìbẹ̀rù ni mo fi ṣe. Mo tún ọkọ̀ ṣe ní Òmù-Àrán fún ohun tó lé ní ogójì ọdún, kò sì sí ọjọ́ kan tí wọ́n ti ọkọ̀ tí kò tan wọ ọgbà mi tí àyà mi kò já. Àwọn oníbàárà ń pè mí ní Bàbá Mì-ín-wò. Wọ́n rò pé wọ́n ń yìn mí pé mo ní ìṣọ́ra, èmi náà a sì rẹ́rìn-ín. Àwọn tó mọ ìdí rẹ̀ kò ju méjì lọ láyé, èmi ni ọ̀kan.

Ọmọ Òkè-Onígbìn ni mí. Bàbá mi jẹ́ àgbẹ̀ àti alàgbà ìjọ, ó sì fẹ́ kí n di tíṣà bíi ti àwọn ọmọ ará ilé wa. Ṣùgbọ́n ìwé kò wọ̀ mí lórí. Bí wọ́n bá ń kọ́ wa ní ìṣirò, kẹ̀kẹ́ ọ̀gá ilé ìwé tó wà lára ògiri ni èmi máa ń wò, bí ṣéènì rẹ̀ ṣe yí eyín irin náà ká. Nígbà tó sú bàbá mi, ó mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Láyíwọlá ní Òmù-Àrán. Wọ́n kọ ìwé, wọ́n gbàdúrà, bàbá mi yíjú sílé. Bí mo ṣe wọṣẹ́ nìyẹn.

Ọ̀gá Láyíwọlá kì í pariwo, ohun tó sì ń dẹ́rù bà wá lára rẹ̀ nìyẹn. Tó bá bínú, ohùn rẹ̀ a máa lọ sílẹ̀ ni, títí wàá fi ní láti sún mọ́ ọn kí o lè gbọ́ ohun tó máa fi ọ́ ṣe. Tí wọ́n bá ti ọkọ̀ tó kọ̀ tí kò tan wá, kì í fọwọ́ kàn án. Ẹni tó ni ín ló máa kọ́kọ́ bi.

"Nígbà tí ẹ yí kọ́kọ́rọ́, kí lẹ gbọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹnu ṣe é fún mi."

Ẹ ò rí nǹkan. Àgbàlagbà ọkùnrin, pásítọ̀, olórí ẹbí, wọn a dúró láàárín ọgbà, wọn a máa fi ẹnu dún bí ọkọ̀. Tí oníbàárà bá ní "kìrìkìrìkìrì", tó ń yí dáadáa àmọ́ tí kò mú, ọ̀gá a ní epo ni tàbí iná pọ́lọ́ọ̀gì. Tó bá ní "hùn-ùn, hùn-ùn", tó ń fà bí ẹni tí oorun ń kùn, bátìrì ló ti rẹ̀. Tó bá ní "tíkì" lásán, tí kò sì sọ nǹkan mìíràn, orí bátìrì ló dọ̀tí tàbí kí sítátà ti fẹ́ kú. Títí dòní, kò sí ẹ̀rọ kan tó kọ́ mi ní nǹkan ju ìyẹn lọ.

Àmọ́ òfin kan wà tó ṣáájú bọ́nẹ́ẹ̀tì, tó ṣáájú bátìrì, tó ṣáájú gbogbo nǹkan. Ọmọṣẹ́ tó bá fẹ́ tan ọkọ̀ láti ìta gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ na ọwọ́ gba ojú fèrèsé, kó di ọ̀pá jíà mú, kó mì í sọ́tùn-ún sósì. Tó bá ń mì jẹ̀wẹ̀jẹ̀wẹ̀, ó wà ní fírì nìyẹn, jíà kankan kò wọlé, ọkọ̀ náà kò lè sún. Ìgbà yẹn ni yóò kígbe kí gbogbo ọgbà gbọ́: "Mo mì í. Ó wà ní fírì." Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró síwájú ọkọ̀.

"Ẹnu kì í mọ jíà," ni ọ̀gá máa ń wí. "Ọwọ́ ló ń mọ̀ ọ́n."

Mo gbàgbé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ọdún kìn-ín-ní. Ọ̀gá kò nà mí. Ó ní kí n kúnlẹ̀ síwájú ọkọ̀ náà, kí n fi imú fẹ́rẹ̀ẹ́ kan irin iwájú rẹ̀, kí n máa wò ó títí wọn yóò fi pe ìrun ọ̀sán. "Kí o lè mọ bó ṣe rí lójú ẹni tó bá dúró síbẹ̀," ló wí. Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀ títí tí irin náà fi dà bí eyín lójú mi. Mo rò pé mo ti kọ́ ọgbọ́n.

Ẹni tí a jọ wọṣẹ́ lóṣù kan náà ni Súlè. Ọmọ Ṣàárẹ́ ni, Tápà ni ìyá rẹ̀. A jọ ń sùn lórí ẹní kan, a jọ ń jẹ nínú abọ́ kan. Èmi ni ọwọ́ mi yá jù, àmọ́ Súlè ló ni etí. Yóò tẹ̀ síwájú ẹ́ńjìnnì, yóò gbé etí sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ àṣírí fún, yóò sì ní, "Pọ́lọ́ọ̀gì kejì ni." A ó yọ ọ́, pọ́lọ́ọ̀gì kejì náà ni. Ọ̀gá kì í yin èèyàn, ṣùgbọ́n ó ti sọ ọ́ lójú mi pé tí òun bá kú, ọgbà náà di ti Súlè. Mo jowú rẹ̀ díẹ̀, n kò ní purọ́ nípa ìyẹn náà.

Nígbà tó ku ọdún kan ká gba fírídọ̀mù ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ọyẹ́ mú lọ́dún náà, ètè gbogbo wa là. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn èèyàn ti ọkọ̀ aláwọ̀ eérú kan wọ ọgbà wa. Ti Bàbá Tíṣà ni, ọmọ Ìsánlú-Ìsin tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́. Òun ló kọ́ ọ̀gá mi níwèé, òun ló kọ́ bàbá mi ní ìwé ìsìn kó tó ṣèrìbọmi. Bàbá Tíṣà fúnra wọn ló jókòó sídìí ọkọ̀ bí àwọn èèyàn ṣe ń tì í bọ̀. Ọgbà wa dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀nà ògiri alámọ̀ tó wà níwájú, bíréèkì ọwọ́ ọkọ̀ àgbà náà sì ti kú tipẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ dúró, Bàbá Tíṣà ti jíà kìn-ín-ní wọlé kó má baà yí lọ bá ògiri, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nílé. N kò rí wọn nígbà tí wọ́n ṣe é. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo wà.

Ọ̀gá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ tó kún fún ọ́ìlì.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Kí lẹ gbọ́ nígbà tí ẹ yí kọ́kọ́rọ́?"

Bàbá Tíṣà fi ahọ́n lu àjà ẹnu. "Tíkì. Tíkì péré, Láyíwọlá. Kò tún wí nǹkan kan mọ́."

A da omi gbígbóná sórí bátìrì, a fọ nǹkan funfun tó ti yọ sí i lórí kúrò. Tíkì náà ni. Ọ̀gá ní sítátà ni, kí èmi fi sukurudiráfà so orí rẹ̀ méjèèjì pọ̀ kó lè fi agbára yí, kí Súlè dúró síwájú kó gbọ́ bó ṣe ń yí. Òun fúnra rẹ̀ wọ yàrá irinṣẹ́ lọ wá sítátà àlòkù.

Mo lọ sí ojú fèrèsé. Bàbá Tíṣà wọ aṣọ funfun, wọ́n gbé ìgbọ̀nwọ́ lé fèrèsé. Kí ọwọ́ mi tó lè dé ìdí jíà, ó di dandan kí n nà án kọjá àyà wọn, ọwọ́ náà sì dúdú fún gírísì títí dé ìgbọ̀nwọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, jíà ńkọ́?"

"Ó wà ní fírì, ọmọ mi."

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ Yorùbá, ẹ bá mi dá a. Ṣé kí n ní kí wọ́n sún? Ṣé kí n na ọwọ́ dúdú kọjá aṣọ funfun ẹni tó kọ́ ọ̀gá mi níwèé, kí n lọ yẹ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn wò lójú wọn? Wọ́n ní ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun igi, kò lè rí i. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà," mo sì padà sídìí ẹ́ńjìnnì.

Súlè ti dúró láàárín ọkọ̀ àti ògiri. Ó wò mí.

"O mì í?"

"Ó wà ní fírì," ni mo wí.

Kì í ṣe irọ́ pátápátá, kì í sì í ṣe òótọ́. Súlè gbà á gbọ́ nítorí ẹnu mi ló ti jáde. Ó tẹ̀ síwájú, ó gbé etí sílẹ̀. Mo fi sukurudiráfà kan orí sítátà, iná ta, ọkọ̀ náà sì fò.

Ìró tí mo gbọ́ kì í ṣe ìró irin. Ẹsẹ̀ ọ̀tún Súlè wà láàárín irin iwájú ọkọ̀ àti ògiri. Kò ké. Ó kàn ń wò mí, ó ń wò mí bí ẹni tó ń dúró kí n ṣàlàyé nǹkan fún un. Ọ̀gá sáré jáde, ó gba ojú fèrèsé na ọwọ́ kọjá àyà Bàbá Tíṣà láìtọrọ gáfárà, ó fa jíà kúrò níbi tó wà, a sì ti ọkọ̀ náà sẹ́yìn. Nígbà tí àwọn èèyàn ti gbé Súlè lọ sílé ìwòsàn, ọ̀gá dúró síwájú mi. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ débi pé mo ní láti wo ètè rẹ̀.

"Ìsáákì, ṣé o mì í?"

Bàbá Tíṣà ṣì jókòó sínú ọkọ̀. Wọ́n la ẹnu, wọ́n tún pa á dé. Ẹ̀rù bà mí. Ẹ̀rù ọ̀gá, ẹ̀rù bàbá mi, ẹ̀rù pé màá pe àgbà lónírọ́ láàárín ìgboro, ẹ̀rù ojú tí Súlè fi wò mí.

"Mo mì í, sà."

Ó di ọ̀rọ̀ ìlú pé jíà fúnra rẹ̀ ló wọlé. Àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni, wọ́n ti rí i pé Súlè máa di èèyàn. Ìjọ wa gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn alááfà wá láti Ṣàárẹ́, wọ́n ṣàdúà. Àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ náà wá ṣe ètùtù nídìí ògiri. Èmi náà wà ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo ṣe àmín ní gbogbo rẹ̀. Àwọn tó kù, tí wọn kò gba ti ayé gbọ́, wọ́n bi ara wọn pé kí ló gbé e dúró síwájú ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ tan. Mo gbọ́ ìyẹn náà, n kò sì yanu.

Ẹsẹ̀ náà jiná, ṣùgbọ́n ó kúrú. Súlè kò lè tẹ̀, kò lè wọ abẹ́ ọkọ̀ mọ́. Àwọn ẹbí rẹ̀ wá mú un lọ sí Ṣàárẹ́ pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Bàbá Tíṣà kò wakọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Nígbà tí wọ́n kú, n kò lè lọ síbi òkú wọn.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá fún mi ní fírídọ̀mù. Kó tó di pé a jáde sí àwọn èèyàn tó ń kọrin níta, ó pè mí wọ yàrá irinṣẹ́, ó fi sukurudiráfà kan lé mi lọ́wọ́. Ẹnu irin náà ti jó. Mo mọ̀ ọ́n: òun ni mo fi kan sítátà lọ́jọ́ náà.

"Jíà kì í fúnra rẹ̀ wọlé, Ìsáákì," ló wí.

Mo kúnlẹ̀. Ó dúró díẹ̀, ó ń retí. Nígbà tí n kò sọ nǹkan kan, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó gbàdúrà fún mi, a sì jáde lọ bá orin.

Bí mo ṣe di ọ̀gá nìyẹn. Lẹ́yìn tí Ọ̀gá Láyíwọlá kú, ọgbà tí ì bá jẹ́ ti Súlè bọ́ sọ́wọ́ mi. Ẹ má jẹ́ kí n tan yín, iṣẹ́ náà yẹ mí, mo fi kọ́lé, mo fi tọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ àgbà kan bá ti kọ̀ tí kò tan, màá mì jíà lẹ́ẹ̀mẹta, màá yí ọkọ̀ po, màá tún padà wá mì í. Kò sí àgbà tí n kì í na ọwọ́ kọjá àyà rẹ̀ mọ́. Ọba ni, bíṣọ́ọ̀bù ni, "Ẹ foríjìn mí, ẹ jẹ́ n mì ín wò." Ibẹ̀ ni orúkọ ti wá. Ìbẹ̀rù ejò kì í jẹ́ ká tẹ ọmọ ejò mọ́lẹ̀. Àmọ́ ẹni tí ejò ti bù jẹ nìkan ló mọ irú ìbẹ̀rù yẹn.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Gílóòbù kékeré tí a so mọ́ wáyà la fi ń wá iná kiri tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà dé, àwọn ọ̀dọ́ a ti ẹnu wáyà rẹ̀ bọ abẹ́ sítíárì, yóò kọ àìsàn rẹ̀ jáde bíi dókítà. Mo rọ́jú kọ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni àwọn ọkọ̀ tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì. Tí jíà wọn kò bá sí ní ipò tó yẹ, o lè yí kọ́kọ́rọ́ di ọ̀la, kò ní tan. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo jókòó sídìí ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, omi bọ́ lójú mi. Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ yẹn kò gba ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ àgbà.

Mo fẹ̀yìn tì. Mo rò pé ẹ̀rù náà yóò bá mi fẹ̀yìn tì. Ní ọdún tó kọjá, fóònù mi dún lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Ìsáákì, Súlè ni. Ọkọ̀ mi kò tan. Ìwọ ni mo fẹ́ kó wá wò ó."

Láti ìgbà tó ti lọ, ìkíni Iléyá nìkan ló ń pa wá pọ̀, mo sì máa ń rán ẹlòmíràn ni. Kò sí mẹkáníìkì ní Ṣàárẹ́ ni? N kò bi í. Mo kó irinṣẹ́ díẹ̀, mo wọ ọkọ̀ èrò. Títí a fi kọjá Òmùpo, mo ń ro ohun tí màá sọ bó bá bi mí. Nígbà tí a dé Ṣàárẹ́, n kò tíì rí ọ̀rọ̀ náà.

Ó ti di Àlájì, ó ń ta ìrẹsì, ọmọ àti ọmọ-ọmọ kún ilé. Abẹ́ igi máńgòrò ni mo bá a, ó jókòó sídìí ọkọ̀ àtijọ́ kan, ó wọ aṣọ funfun, ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A kí ara wa pẹ́. Mo wá ní kí n ṣiṣẹ́ tí mo wá ṣe.

"Àlájì, kí lo gbọ́ nígbà tó o yí kọ́kọ́rọ́?"

"Kò wí nǹkan kan. Kò tilẹ̀ ní tíkì."

"Jíà ńkọ́?"

"Ó wà ní fírì."

Mo na ọwọ́ gba ojú fèrèsé kọjá àyà rẹ̀, mo di ọ̀pá náà mú. Kò mì. Ó le gan-an.

"Súlè, jíà kìn-ín-ní ló wà."

"Mo mọ̀," ló wí. "Èmi ni mo fi síbẹ̀. Ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì."

Mo ṣí i. Ó ti yọ orí bátìrì kúrò, ó fi àkísà mímọ́ wé e, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò sí ohun mìíràn tó dí ọkọ̀ náà lọ́wọ́ àti tan. Mo tẹjú mọ́ àkísà náà.

"Wọ́n ní Mì-ín-wò ni wọ́n ń pè ọ́ ní Òmù-Àrán," ni ohùn rẹ̀ wí láti ẹ̀yìn bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Ọjọ́ tí mo gbọ́ ọ ni mo ti ń rò ó. Ẹni tó ti mì jíà rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ló tún ń bà á lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀? Ìsáákì, ṣé o mì í?"

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Tèmi ti lọ ju ogún lọ.

"Mi ò mì í."

"Bàbá ló ní ó wà ní fírì?"

"Wọ́n wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi lo bi, Súlè. Èmi ni mo dá ọ lóhùn."

Ewúrẹ́ kan gba abẹ́ igi náà kọjá.

"Wàláhì," ló wí, "mo ti sọ fún gbogbo ọmọ mi pé àìgbọ́n ara mi ni mo fi pàdánù ẹsẹ̀. Pé èmi ni mo dúró síbi tí kò yẹ."

Mo dọ̀bálẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀. Mo sunkún bí mi ò ṣe sunkún rí láti ìgbà tí bàbá mi kú. Kò ní kí n dìde, kò sì ní òun dárí jì mí. Mo gbọ́ tó ń fi ọ̀pá tẹlẹ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Ó rọra yí ọkọ̀ náà po, ó lọ dúró síwájú rẹ̀.

"Dá orí bátìrì padà," ló wí. "Kí o tan án."

"Súlè, jọ̀ọ́, kúrò níbẹ̀."

"Mo fẹ́ gbọ́ ọ."

Mo de orí bátìrì náà, mo pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, mo wọ ìdí ọkọ̀. Mo yọ jíà kúrò níbi tó wà, mo mì í sọ́tùn-ún, mo mì í sósì. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé n kò mọ̀ bóyá ọ̀pá náà ló ń mì tàbí èmi. Mo tún mì í. Mo tún mì í. Ó wò mí láti iwájú ọkọ̀, bó ṣe wò mí lọ́jọ́sí.

"Mo mì í," ni mo kígbe. "Ó wà ní fírì."

Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì mú, ọkọ̀ náà gbọ̀n lójú kan, kò sún. Súlè fara ti ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀, ó tẹ̀ síwájú, ó gbé etí sílẹ̀, ó sì di ojú.

"Pọ́lọ́ọ̀gì kẹta," ló wí.

Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo yọ pọ́lọ́ọ̀gì kẹta, mo gbé e sójú oòrùn. Ó ti dúdú kirikiri. Mo mú un lọ fún un, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó sì ń yí i wò.